Bí A Ṣe Ń Kó Ìdọ̀tí Ọkọ̀ Òkun Lé Èbúté Lọ́wọ́: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Ọmọ Ifẹ̀ Tó Ń Lọ Ṣiṣẹ́ ní Àpápá

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó kàwé gboyè ní Ilé-Ifẹ̀ ló ń gba Èkó lọ láti wáṣẹ́, àwọn kan nínú wọn a sì bọ́ sọ́dọ̀ àwọn ajẹ́ǹtì ọkọ̀ òkun, ìyẹn àwọn tó ń bá ọkọ̀ ṣètò ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní èbúté, ní Àpápá tàbí ní èbúté Tin Can. Kì í sábà pẹ́ tí wọ́n fi ń gbé ètò ìdọ̀tí ọkọ̀ lé akọ̀wé tuntun lọ́wọ́, bí ẹni pé iṣẹ́ tí kò tó nǹkan ni. Àwọn akọ̀wé tuntun yìí ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ náà, nítorí pé òun ló ń sọ bóyá pàǹtí inú ọkọ̀ kan yóò gba ọ̀nà tó tọ́ dé ibi tí wọ́n ti máa sun ún tàbí tí wọ́n ti máa tún un lò, tàbí yóò já sínú ọ̀sà, tàbí sí ẹ̀yìnkùlé àwọn ará àdúgbò kan tí wọn kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú jù lọ ni pé ìwé mẹ́ta ló ń bá ìdọ̀tí ọkọ̀ rìn: ìwé ìfitónilétí tí ọkọ̀ fi ráńṣẹ́ kí ó tó dé, ìwé àkọsílẹ̀ tó wà nínú ọkọ̀, àti risíìtì tí wọ́n fún ọkọ̀ ní èbúté. Ohun tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sọ gbọ́dọ̀ bára mu.

Òfin tó de ọ̀rọ̀ yìí ni àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní MARPOL. Àjọ IMO, tó jẹ́ ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń bójú tó ìrìnnà ojú òkun, ló ṣètò rẹ̀ ní ọdún 1973, wọ́n sì fi kún un ní ọdún 1978. Apá mẹ́fà ni ìlànà rẹ̀ pín sí: ti epo, ti kẹ́míkà olómi tí ọkọ̀ kó sínú táńkì, ti ẹrù eléwu tí wọ́n dì, ti ìgbẹ́ àti omi ilé ìyàgbẹ́, ti pàǹtí, àti ti èéfín. Apá kìíní, ìkẹrin àti ìkarùn-ún ni yóò máa wá sọ́wọ́ akọ̀wé ajẹ́ǹtì jù. Àdéhùn náà di ẹrù lé ọkọ̀ lórí, ó sì di ẹrù lé orílẹ̀-èdè tó ní èbúté lórí: ọkọ̀ kò gbọdọ̀ da ìdọ̀tí nù bó ṣe wù ú, èbúté pẹ̀lú sì gbọdọ̀ ní ètò tí yóò fi gbà á lọ́wọ́ ọkọ̀ láì dá a dúró láìnídìí. Ní orílẹ̀-èdè tiwa, àjọ NPA ló ń ṣàkóso èbúté, àjọ NIMASA ló sì ń yẹ ọkọ̀ wò bóyá ó pa òfin mọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé kí ló kan ará Ifẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ òkun, ẹ rán an létí pé ní Ilé-Ifẹ̀ ni Igbó Olókun wà, níbi tí àwọn baba ńlá wa ti ṣe ìlẹ̀kẹ̀ dígí ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ìlú tí òkun jìnnà sí tó báyìí ti ń bọ Olókun kí ẹnikẹ́ni tó kọ òfin kan nípa ọkọ̀.

Kí ọkọ̀ tó dé

Iṣẹ́ yín bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lójú agbami. Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí ọ̀gá atukọ̀ kí ó sọ irú ìdọ̀tí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti bí ó ṣe pọ̀ tó, kí ẹ sì ní kí ó tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan bí òfin ṣe pín in, kí ó má pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ pè ní pàǹtí. Lẹ́tà ni ìlànà náà fi dá ìsọ̀rí pàǹtí mọ̀. A ni ike, ọ̀rá àti okùn tí wọ́n fi ike ṣe; B ni àjẹkù oúnjẹ; C ni pàǹtí yàrá àwọn atukọ̀, bíi bébà àti ìgò; D ni òróró tí wọ́n ti fi dín nǹkan; E ni eérú ẹ̀rọ ìsunpàǹtí; F ni èyí tó ti ara iṣẹ́ inú ọkọ̀ wá, bí àkísà tí wọ́n fi nu ẹ̀rọ; G ni òkú ẹran; H ni àwọ̀n àti ohun èlò ìpẹja; I ni ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ tó ti bàjẹ́. J àti K ni ìyókù ẹrù tó kù sílẹ̀ nínú ọkọ̀, tí J jẹ́ èyí tí kò pa òkun lára, tí K sì jẹ́ èyí tó ń pa á lára.

Ìpínsọ̀rí yìí ṣe pàtàkì nítorí pé òfin kò fi ojú kan náà wo gbogbo wọn. Títí di òpin ọdún 2012, ohun tí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ jù sómi ni òfin ń kà sílẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2013 ni ọ̀rọ̀ ti yí padà: ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ju ohunkóhun sómi, àfi ìwọ̀nba ohun tí òfin dárúkọ, ní ibi tí òfin sọ. Ike kò sí lára ohun tí òfin dárúkọ yìí, níbikíbi nínú ayé. Bẹ́ẹ̀ náà ni òróró dídín àti eérú ẹ̀rọ ìsunpàǹtí. Àjẹkù oúnjẹ ló rọrùn díẹ̀. Bí wọ́n bá lọ̀ ọ́ kúnná tó fi lè gba inú asẹ́ tí ojú rẹ̀ kò ju mílímítà 25 lọ kọjá, ọkọ̀ tó wà lórí ìrìn lè dà á nù bí ó bá ti jìnnà sí ilẹ̀ tó máìlì òkun 3. Bí wọn kò bá lọ̀ ọ́, ó di máìlì òkun 12, bẹ́ẹ̀ máìlì òkun kan sì jẹ́ mítà 1,852. Nínú àwọn òkun tí òfin yà sọ́tọ̀, bí òkun Mẹditaréníà àti òkun Baltic, òfin le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ọkọ̀ bá wà ní èbúté, tàbí tí ó dúró de ààyè lẹ́nu ọ̀sà Èkó, kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó lè bọ́ sómi.

Lẹ́yìn èyí ni ìwé ìfitónilétí. IMO ti ṣe fọ́ọ̀mù kan tí gbogbo ayé ń lò, ìlànà rẹ̀ sì ni pé kí ọkọ̀ fi ránṣẹ́, ó kéré tán, ní wákàtí 24 kí ó tó dé. Bí ìrìn-àjò láti èbúté tó ti ń bọ̀ kò bá tó wákàtí 24, kí ó fi ránṣẹ́ bí ó bá ti ń ṣí kúrò níbẹ̀. Orúkọ ọkọ̀ àti nọ́ńbà IMO rẹ̀, tó jẹ́ oníye méje, ló ṣáájú; èbúté tó ti kúrò àti èyí tó ń lọ tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ibi àti ọjọ́ tí ó ti kó ìdọ̀tí sílẹ̀ kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni tábìlì tó ṣe kókó: fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, iye tí ọkọ̀ fẹ́ kó sílẹ̀, iye tí ààyè inú ọkọ̀ lè gbà, iye tí yóò ṣẹ́kù sínú ọkọ̀, èbúté tí yóò kó ìyókù sí, àti iye tí ó rò pé yóò tún jọ kí ó tó débẹ̀. Kúbíìkì mítà ni wọ́n fi ń wọn gbogbo rẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ ka tábìlì yìí kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí èbúté, nítorí àwọn ọ̀gá atukọ̀ mìíràn a máa da fọ́ọ̀mù ìrìn-àjò tó kọjá kọ láì yí nǹkan kan padà. Bí ọkọ̀ kan bá ti lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lójú omi, tí ogún atukọ̀ ń jẹun nínú rẹ̀ lójoojúmọ́, tí ó wá kọ ọ́ pé òun kò ní ike kankan, ẹ bi í léèrè níbo ni ike náà gbà. Bóyá ó ti kó o sílẹ̀ ní èbúté tó kọjá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó fi risíìtì rẹ̀ ránṣẹ́. Ìbéèrè yìí kì í ṣe àrífín, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agbára dí yín lẹ́nu lórí rẹ̀. Bí ẹ kò bá bi í, ẹni tó bá wá yẹ ọkọ̀ wò yóò bi í, nígbà náà ó ti pẹ́ jù.

Àjẹkù oúnjẹ kì í ṣe oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀

Mo fẹ́ dúró lórí èyí díẹ̀, nítorí pé ibi tó ti lè kan àwọn àgbẹ̀ ilé wa gan-an nìyí. Àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ máa ń wá àjẹkù kiri, ó sì lè dà bí àánú kí òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù kó gáàlọ̀nù àjẹkù ilé ìdáná ọkọ̀ fún wọn. Ẹ má ṣe gbà á láyè. Ẹran tí wọ́n sè nínú ọkọ̀ lè ti ilẹ̀ tí àrùn ẹran wà wá, kòkòrò àrùn ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà sì lè pẹ́ nínú ẹran tí wọ́n fi iyọ̀ sí tàbí tí wọ́n gbé sínú yìnyín. Ní ọdún 1957, àrùn yìí wọ ilẹ̀ Potogí nígbà tí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ tó wà nítòsí pápákọ̀ òfuurufú Lisbon jẹ àjẹkù tó ti inú ọkọ̀ òfuurufú wá. Ní ọdún 2007, ó yọjú ní orílẹ̀-èdè Jọ́jíà, àwọn onímọ̀ sì gbà pé ó ṣeé ṣe jù lọ kí ó jẹ́ pé àjẹkù inú ọkọ̀ òkun ní èbúté Poti ló gbé e wọlé. Láti ibẹ̀ ló ti ràn dé Rọ́ṣíà àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù. Àrùn náà kò ní oògùn tó ń wò ó, ó sì ti pa ẹlẹ́dẹ̀ jáǹtìrẹrẹ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà rí, ní ọdún 1997 àti 1998.

Nítorí náà, àjẹkù tó bá ti inú ọkọ̀ tó ti ilẹ̀ òkèèrè dé wá gbọ́dọ̀ wà nínú ohun tó ní ìdérí tí kì í jò, kí ó dá dúró láìdàpọ̀ mọ́ pàǹtí mìíràn, kí ó sì ti ara ọkọ̀ lọ tààrà sí ibi tí wọ́n ti máa sun ún tàbí tí wọ́n ti máa sè é tí kòkòrò yóò fi kú. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé tí ẹ ó fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ akódọ̀tí, pé àjẹkù oúnjẹ láti òkèèrè wà nínú ohun tí wọ́n ń bọ̀ wá kó.

Epo, omi abẹ́ ẹ̀rọ, àti omi ilé ìyàgbẹ́

Oríṣi ìdọ̀tí olóròóró méjì ni ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ yàtọ̀ síra. Àkọ́kọ́ ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ epo tó ń ṣẹ́kù nígbà tí ẹ̀rọ bá sẹ́ epo ọkọ̀ mọ́. Ọkọ̀ lè sun ún nínú ẹ̀rọ tó wà fún un, tàbí kí ó kó o sílẹ̀ ní èbúté, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dà á sínú òkun rárá. Ìkejì ni omi tó ń jọ sí ìsàlẹ̀ yàrá ẹ̀rọ, tí epo ti dà pọ̀ mọ́. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ da omi yìí sí òkun nígbà tí ó ń rìn, ó gbọ́dọ̀ gba inú ẹ̀rọ tó ń ya epo kúrò lára omi, kí epo tó kù nínú rẹ̀ má sì ju ìdá 15 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Ní èbúté, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé àwọn méjèèjì fún bájì (ọkọ̀ omi pẹlẹbẹ tó ń kó ẹrù) tàbí táńkà tó bá wá gbà á, kí wọ́n má pa wọ́n pọ̀, nítorí omi tó dàpọ̀ mọ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ń mú kí ìdọ̀tí eléwu pọ̀ sí i láìnídìí.

Nǹkan kékeré kan wà tó máa ń dá iṣẹ́ dúró: ẹnu páìpù. MARPOL ti sọ bí ẹnu páìpù ìdọ̀tí epo ṣe gbọ́dọ̀ rí kí ti ọkọ̀ àti ti bájì lè wọnú ara wọn níbi gbogbo láyé. Fífẹ̀ rẹ̀ láti etí dé etí jẹ́ mílímítà 215, ihò bóòtù mẹ́fà ló wà lára rẹ̀, fífẹ̀ ihò kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ mílímítà 22. Ti omi ilé ìyàgbẹ́ yàtọ̀: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 210, ihò mẹ́rin ló ní, mílímítà 18 sì ni fífẹ̀ ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi iléeṣẹ́ tó ni bájì léèrè ní ọjọ́ tó ṣáájú bóyá èyí tó tọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Ìbéèrè kan ṣoṣo yìí lè gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ìdádúró ọjọ́ kan.

Ní ti omi ilé ìyàgbẹ́ fúnra rẹ̀, èyí tí wọn kò tíì tọ́jú kò gbọdọ̀ bọ́ sómi àfi bí ọkọ̀ bá ti kọjá máìlì òkun 12, tí kò sì lọ́ra ju nọ́ọ̀tì 4 lọ (nọ́ọ̀tì kan ni máìlì òkun kan ní wákàtí kan). Èyí tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n sì fi oògùn apakòkòrò sí lè bọ́ lẹ́yìn máìlì òkun 3.

Ọjọ́ tí wọ́n bá ń kó o

Ẹ wà níbẹ̀ fúnra yín. Kí fáàfù tó ṣí, kí ọ̀gá ẹnjiníà ọkọ̀ àti ẹni tó wá gba ìdọ̀tí jọ wọn ìjìnlẹ̀ ohun tó wà nínú táńkì ọkọ̀, kí wọ́n sì jọ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Àgbẹ̀ kòkó ní Ifẹ̀ kì í kúrò nídìí òṣùwọ̀n kí wọ́n tó kọ iye tó wọ̀n sílẹ̀ lójú rẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwọ̀n méjèèjì ni ó gbọ́dọ̀ hàn lórí risíìtì, kì í ṣe iye tí fọ́ọ̀mù ìfitónilétí sọ tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá sọ pé kúbíìkì mítà 12 ni wọ́n máa kó, tí wọ́n wá kó 9, ẹ kọ 9, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀.

Risíìtì tó pé ní orúkọ ọkọ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ èbúté, orúkọ iléeṣẹ́ tó gba ìdọ̀tí, ọjọ́ àti wákàtí tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí, irú ìdọ̀tí àti iye rẹ̀, pẹ̀lú ìfọwọ́sí àti òǹtẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fún ọkọ̀ ní risíìtì òfìfo tó ní òǹtẹ̀ lára pé kí ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ bí ó bá ráyè.

Ẹ tún béèrè ibi tí ìdọ̀tí náà ń lọ, kí ẹ sì rí ìwé àṣẹ iléeṣẹ́ tó ń gbé e. Ẹni tó bá rò pé èyí ti pọ̀ jù, kí ó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Abidjan ní oṣù Kẹjọ ọdún 2006. Ọkọ̀ Probo Koala ti kọ́kọ́ gbìyànjú láti kó ìdọ̀tí olóròóró rẹ̀ sílẹ̀ ní Amsterdam ní oṣù Keje. Nígbà tí iléeṣẹ́ tó fẹ́ gbà á níbẹ̀ rí i bí ó ti léwu tó, tí wọ́n sì sọ pé owó rẹ̀ yóò gòkè, ọkọ̀ náà kó ẹrù rẹ̀ padà. Ní Abidjan, iléeṣẹ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ ló gbà á, táńkà sì dà á káàkiri ìlú ní òru. Ó lé ní 100,000 ènìyàn tó wá ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, ìjọba ibẹ̀ sì kéde pé àwọn ènìyàn kú. Èbúté ni ìdọ̀tí yẹn gbà wọlé, gbangba ni ọkọ̀ sì wọlé pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ohun tó sọnù ni ìbéèrè ẹyọ kan: níbo ni ó ń lọ?

Àwa náà ti rí irú rẹ̀. Ní ọdún 1988, wọ́n bá dúrọ́ọ̀mù ìdọ̀tí olóró tí wọ́n ti Ítálì kó wá ní ìlú Kókó, tó wà ní ìpínlẹ̀ Delta òde òní. Ìdọ̀tí tí wọ́n kó wá bí ẹrù ni ìyẹn, kì í ṣe èyí tó ti ara iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n òun ló fa òfin ọdún 1988 lórí ìdọ̀tí olóró, tó sọ pé ẹ̀wọ̀n gbére ni ìjìyà ẹni tó bá kó o wọlé tàbí tó dà á sílẹ̀ láìgba àṣẹ. Akọ̀wé tó bá fọwọ́ sí ìwé láì wo ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù kò mọ ohun tí ó ń fọwọ́ sí.

Ìwé àkọsílẹ̀ inú ọkọ̀

Ní ọjọ́ náà gan-an ni kí ọkọ̀ ti kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé rẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ tó 100 tọ́ọ̀nù gírọ́ọ̀sì (òṣùwọ̀n bí inú ọkọ̀ ṣe tóbi tó), tàbí tí ó ní àṣẹ láti gbé ènìyàn 15, gbọ́dọ̀ ní ètò ìṣàkóso pàǹtí tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ pàǹtí jẹ́ ọ̀ranyàn fún ọkọ̀ tó tó 400 tọ́ọ̀nù tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni ó ti kan èyí tó tó 100 tọ́ọ̀nù pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tó ní ọkọ̀ kékeré sọ fún yín pé kò kan òun. Ti epo wà fún ọkọ̀ tó tó 400 tọ́ọ̀nù, àti ọkọ̀ agbépo tó bá tó 150. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ni yóò fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá atukọ̀ yóò sì fọwọ́ sí ojú ìwé tó bá kún. Ìwé pàǹtí gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ fún ọdún 2 lẹ́yìn àkọsílẹ̀ tó kẹ́yìn, ti epo fún ọdún 3.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ọdún 2013, ẹnjiníà kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sínú ọkọ̀ Caribbean Princess rí i pé wọ́n ti fi páìpù ẹ̀tàn da omi olóròóró sómi láì gba inú ẹ̀rọ tó ń ya epo kúrò. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní Southampton, ó sì lọ fi tó ìjọba Gẹ̀ẹ́sì létí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, iléeṣẹ́ Princess Cruises, tó ni ọkọ̀ náà, gbà ní Amẹ́ríkà pé òun jẹ̀bi, owó ìtanràn tó san sì jẹ́ 40 mílíọ̀nù dọ́là. Ọ̀rọ̀ ìwé tí wọ́n fi irọ́ kọ wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án.

Ìwé yìí ni ẹni tó bá wá yẹ ọkọ̀ wò yóò béèrè, yóò sì gbé risíìtì yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ọdún 1999 ni àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà ti fọwọ́ sí àdéhùn Abuja, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Èkó, láti jọ máa yẹ ọkọ̀ tó bá wọ èbúté wọn wò. Bí ìwé kò bá bára mu, wọ́n lè dá ọkọ̀ dúró títí wọn yóò fi yanjú rẹ̀.

Bí èbúté kò bá lè gba ìdọ̀tí náà ńkọ́? Ó máa ń ṣẹlẹ̀: bájì lè má wá, tàbí kí iléeṣẹ́ sọ pé àwọn kò ní ibi tí wọ́n ń kó kẹ́míkà sí. Ẹ gba ọ̀rọ̀ náà ní kíkọ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ béèrè. IMO ní fọ́ọ̀mù kan fún irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá atukọ̀ ni yóò kọ ọ́, tí yóò sì fi ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ ń lo àsíá rẹ̀, kí ìyẹn lè gbé e dé IMO, tó ń kó irú ìròyìn yìí jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò bóyá ààyè tó kù nínú ọkọ̀ yóò tó dé èbúté tó ń lọ. Bí yóò bá tó, ẹ kọ iye tó gbé lọ sínú ìwé ìfitónilétí èbúté náà, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ìwé tí wọ́n fi sọ pé àwọn kò lè gbà á kún un. Bí kò bá ní tó, ẹ sọ fún ọ̀gá atukọ̀ àti NIMASA kí wọ́n tó tú okùn ọkọ̀, nítorí pé bí ọkọ̀ bá ti kúrò lẹ́bàá wọ́ọ̀fù pẹ̀lú táńkì tó kún dẹ́nu, agbára yín kò ká ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ìdọ̀tí náà mọ́.